Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Mi Kò Fọhùn

Àìsàn ojú ti gba ojú bàbá mi méjèèjì kó tó pé ọdún mẹ́rin tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé kóòtù ni ní Igbosere, gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló sì fi tẹ taipú, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ kò nílò ojú. Mo gbé kọ̀ǹpútà kan sínú yàrá rẹ̀ ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì fi ètò kan sí i tó ń ka ohun tó bá tẹ̀ sókè fún un. Ohùn ọkùnrin òyìnbó ni, a máa pe Yorùbá bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ Bàbá lára.

Ìtàn agbo ilé ló ń kọ síbẹ̀: ẹni tó kọ́ yàrá wo, ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ ẹ̀yìn kànga, ọmọ ta ló kúrò nílé tí wọn ò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ó ti wà lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á, títí kan èmi ọmọ rẹ̀ tí a jọ ń gbé.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà kú, mo ra òmíràn tí wọ́n ti lò. Mo yọ dísìkì tí gbogbo nǹkan wà lórí rẹ̀ kúrò nínú ti àtijọ́, mo sì fi í sínú èkejì. Ó tàn, gbogbo ìwé Bàbá wà níbẹ̀, àmọ́ kò fọhùn.

Ètò ọ̀fẹ́ ni à ń lò láti darí gbogbo kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí èèyàn lè tú wò kó sì tún un tò fúnra rẹ̀. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Òun ló ń bá irin inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Irin tí kò bá mọ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Tiwa ti pẹ́, kò mọ irin tó ń gbé ohùn jáde nínú èyí tí mo rà. Mo béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sì ní kí n gba kánẹ́ẹ̀lì tó dé kẹ́yìn, kí n fọwọ́ ara mi kọ́ ọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan nítòsí Tinúbú ni pé mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò bà mí lẹ́rù. Ó yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Àárọ̀ Sátidé ni. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá bi mí pé, “Ṣé o ti ṣe ẹ̀dà ohun tí mo kọ?”

“Mo ti ṣe é, Bàbá.”

Mi ò tíì ṣe é. Àwọn fláàṣì tí mo fi ń ṣe ẹ̀dà wà ní ọ́fíìsì, mo sì rò pé ohun tí mo fẹ́ ṣe kò kan ibi tí ìwé rẹ̀ wà.

Kí èèyàn tó kọ́ kánẹ́ẹ̀lì, yóò kọ́kọ́ yan ohun tó fẹ́ kó mọ̀ láti inú àkọsílẹ̀ gígùn kan. Bí èyí tó yàn bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ náà yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má mú iná lọ, torí bátìrì kọ̀ǹpútà náà kò lágbára. Mo bá ń yọ ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ kò yé mi. Iṣẹ́ náà parí láàárín wákàtí kan. Àyè kò tó mọ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú kánẹ́ẹ̀lì sí, ni mo bá pa ti àtijọ́ rẹ́ kí tuntun lè wọlé. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn.

Ọ̀rọ̀ funfun ń sáré kọjá lójú rẹ̀, wọ́n sì dúró lójijì. Èyí tó kẹ́yìn sọ pé kánẹ́ẹ̀lì kò rí dísìkì kankan, pé kò sí ibi tí òun lè gbà. Mo tún un tàn. Ibi kan náà ló dúró sí. Mo ti yọ ohun tó fi ń mọ dísìkì mọ́ àwọn tí kò yé mi, mo sì ti pa èyí tí ǹ bá fi padà sẹ́yìn.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. “Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́?”

“Ó ń ronú ni, Bàbá.”

“Òun ni, àbí ìwọ?”

Àbúrò Bàbá obìnrin, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.”

“Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe fún ojú àlejò,” ni Bàbá wí.

“Ṣebí ẹ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀?” ni àbúrò rẹ̀ béèrè.

Mo ní mò ń lọ mú nǹkan ní ọ́fíìsì.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Tinúbú. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá sọ fún kọ̀ǹpútà yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó sì ti gbàgbé. Láìpẹ́ yìí ló béèrè orúkọ ìyá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ọlọ́dẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo mú fláàṣì méjì, mo fi kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbé odidi ètò kan sórí ọ̀kan, kí n lè fi tan ti ilé láìlo kánẹ́ẹ̀lì tí mo bà jẹ́.

Nígbà tó tàn láti orí fláàṣì, mo ṣí dísìkì. Àwọn ìwé náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?”

“Wọ́n wà níbẹ̀, Bàbá.”

“Ka orúkọ wọn.”

Mo kà wọ́n. Orúkọ ìyá mi, tó kúrò nílé nígbà tí mo wà ní kékeré, ni ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́. Mo kà á bí mo ṣe ka ìyókù. Mi ò ṣí i. Mo da gbogbo wọn sórí fláàṣì kejì, lẹ́yìn náà ni mo wá sọ fún un pé mi ò ṣe ẹ̀dà kankan láàárọ̀, pé irọ́ ni mo pa.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. “Mo gbà ọ́ gbọ́ láàárọ̀,” ló wí. Ó ní kí n fa òun dé ibi àlùwàlá, ó sì kí ìrun Aláásárì láìbá mi sọ ohunkóhun. Ìbá sàn kó bú mi.

Mo tún kánẹ́ẹ̀lì kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò yọ nǹkan kan. Wọ́n mú iná lọ nígbà tó kù díẹ̀, a so kọ̀ǹpútà mọ́ íńfátà àbúrò Bàbá, tó ń fi bátìrì fúnni níná, mo sì ń wo bátìrì rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ó parí. Ó wá ku ètò kékeré tó ń jí kánẹ́ẹ̀lì nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. A ní láti kọ nọ́ńbà dísìkì fún un, nọ́ńbà gígùn kan tí lẹ́tà pọ̀ nínú rẹ̀. Mo da nọ́ńbà náà kọ sórí ìwé, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo tan kọ̀ǹpútà. Ó ní òun kò mọ dísìkì yẹn.

Mo gbé orí lé tábìlì.

“Kí lo tẹ̀ síbẹ̀?” Bàbá ló béèrè.

Mo ṣàlàyé fún un.

“Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Èmi ni.”

“Ẹni tó kọ ọ́ kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ní kóòtù, ẹnì kan á ka ojúlówó, ẹlòmíràn á mú ẹ̀dà dání. Ka tinú ìwé fún mi, mẹ́rin mẹ́rin.”

Mo kà á. Ó ń tún un sọ lábẹ́nu, ó ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka tojú kọ̀ǹpútà. “Má ka èyí tó wà lọ́kàn rẹ o. Èyí tí o rí ni kí o kà.”

Níbi kẹta ó gbé ìka sókè. “Tún ibẹ̀ kà.”

“Éètì, bíì, fóò, wán.”

“Nínú ìwé, bíì ló ṣáájú éètì.”

Mo wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì láìrí i. Mo tún un tẹ̀, ó sì ní ká ka gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n tó tan án. A kà á.

Ó tàn. A dúró. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin òyìnbó yẹn sọ pé òun ti ṣe tán.

Bàbá na ọwọ́, ó wá àga rẹ̀ kàn, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó fetí sí i, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó ní kí n jáde, kí n sì pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo Jímọ̀ tí Bàbá bá ti mọ́ṣáláṣí dé ni mò ń ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀. Kò tún béèrè bóyá mo ti ṣe é. Ó ń jókòó tì mí títí n ó fi ka orúkọ gbogbo wọn láti orí fláàṣì fún un.