Nọ́ńbà Kìíní Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́ Gbà

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún ìyá mi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dé ibi tí eruku wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó lọ dúró lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Mọlété, ó sì fi ilé ẹ̀rọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ń lọ ata, èyí tó wà nínú ń lọ àgbàdo ògì. Nígbà tí ó ń wọ mọ́tò, ohun kan ṣoṣo ló sọ fún mi.

"Ohunkóhun tí o bá ń ṣe, má jẹ́ kí Ìyá Ẹlẹ́kọ kúrò lọ́dọ̀ wa."

Wọn kò tíì bí mi tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ti ń lọ àgbàdo lọ́dọ̀ wa. Rọ́bà ńlá méjì ló ń gbé wá láràárọ̀, ẹ̀kọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ ní Ọjà'ba. Gbogbo obìnrin tó ń ṣe ògì ní agbo ilé rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, ibi tí ó bá gbé rọ́bà tirẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbé tiwọn lọ. Bí ó bá kúrò, ẹ̀rọ inú yóò kàn máa wò wá ni.

Mo fi dá ìyá mi lójú pé kò ní séwu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú àyè bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní ètò òwò, ṣùgbọ́n kò sí fídíò kan lórí bí a ṣe ń tún ilé iṣẹ́ kékeré ṣe tí n kò tíì wò lórí fóònù mi, mo sì ní ìwé tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ kìíní, mo kàn jókòó ti aago ni. Rọ́bà àgbàdo kan tó kún dé etí ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Wíwá sípánà onínọ́ńbà mẹ́tàlá gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé, n kò rí iye ìṣẹ́jú rẹ̀ kọ, nítorí wọ́n ti fà mí wọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ògiri, mo gbé irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé e, mo fi ọ̀dà funfun yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, mo sì kan ìṣó síbẹ̀. Bí sípánà kan kò bá sí nílé, àwòrán rẹ̀ yóò ṣófo, ojú yóò sì rí i kíá. Èyí ṣiṣẹ́. Ẹ lè ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù yín lónìí.

Lẹ́yìn náà ni mo gé pákó kéékèèké ogún, mo kọ nọ́ńbà sí wọn. Bí ènìyàn bá ti dé, yóò mú nọ́ńbà, yóò fi lé orí rọ́bà rẹ̀, ìjà parí.

Ohun kẹta ni òfò. Ìyá mi máa ń gbé àpò àgbàdo gbígbẹ kékeré kan sẹ́yìn ẹ̀rọ inú. Láràárọ̀, kí oníbàárà kankan tó dé, yóò bu agolo kan níbẹ̀, yóò lọ̀ ọ́, yóò sì dà á fún àwọn àgbò aládùúgbò wa. Mo rò pé sàárà ni. Mo gbé odidi àpò náà fún aládùúgbò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣàdúrà fún mi dáadáa. Mo sì fi ìmọ́tótó kún un. Nírọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ bá ti parí, mo ń da omi ọṣẹ sínú ẹ̀rọ títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ohun tí n kò lóye ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gba nọ́ńbà kìíní.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé, ẹ gba nọ́ńbà."

"Háà, ọ̀gá, ẹ fún ẹlòmíràn. Mo fẹ́ ra iyọ̀ ná."

Ó lọ ra iyọ̀. Ẹni kejì ní òun ń dúró de ọmọ òun, ọmọ kankan kò sì dé. Nígbà tí aago méje àbọ̀ fi lù, obìnrin mẹ́fà ló wà níta, rọ́bà mẹ́fà wà nílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ aláìgbọràn kan tí n kò mọ̀. Ẹ̀rọ ń sáré lásán. Obìnrin kan tí kò dé ọ̀dọ̀ wa rí ló wá gba nọ́ńbà kìíní. Bí mo ṣe lọ tirẹ̀ tán ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dìde, wọ́n ń jà sí nọ́ńbà kejì.

Mo rò pé bóyá èèwọ̀ kan wà nídìí kìíní. Mo pa nọ́ńbà rẹ́, mo kun pákó ní àwọ̀: pupa ni yóò ṣáájú. Ẹnikẹ́ni kò gba pupa. Mo dá nọ́ńbà padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ogún wálẹ̀. Obìnrin tó fi ayọ̀ gba ogún nígbà tó jẹ́ ti ìkẹyìn wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbé e tà.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún yín gan-an?" Mo bi obìnrin kan tó ń ta ògì tútù ní Ọ̀jẹ́.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá onípákó. Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ bi ìwé."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo pe ìyá mi lórí fóònù. Ó ní, "Ṣé bí mo ṣe ń ṣe é lo ń ṣe é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lójú mi nígbà náà, irọ́ kọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ẹlẹ́kọ tètè dé ju bó ṣe máa ń dé lọ. Ó rí àwọn obìnrin náà níta.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa dá dúró ti ẹ̀rọ? Gbé tèmi sí i, ọmọ mi, jàre."

Inú mi dùn. Mo lọ rọ́bà méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án géérégé.

Ó padà wá ní ọ̀sán pẹ̀lú ògì tí ó ti sẹ́ nínú abọ́ kan. Kò funfun. Ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò.

"Tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. Irin ni.

"Kí lo lọ̀ ṣáájú tèmi?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. Ẹ̀rọ mọ́ tónítóní. Ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́."

Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "O da omi sí irin, o sì fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ọlọ́hun ló ń kó mi yọ."

Mo mú sípánà, mo tú ẹ̀rọ. Àwo irin méjì tó ń lọ àgbàdo ti dógùn-ún, wọ́n pọ́n bí àwọn páànù òrùlé tó wà nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nǹkan ni gbogbo ìpẹtà náà ń bá lọ sílé.

"A rí i pé ẹ ò lọ agolo àgbàdo ìyá yín ṣáájú mọ́. A rò pé ẹ mọ̀ ni," obìnrin Ọ̀jẹ́ yẹn wí.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ kan pákó mọ́ ògiri, ẹ gbé aago dání. Ta ni ó wá kọ́ yín?"

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́kọ ń gbé rọ́bà rẹ̀ kọjá iwájú wa lọ sí ilé ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá ráńdábáòtù. Ẹni mẹ́rin láti agbo ilé rẹ̀ tẹ̀ lé e.

N kò tíì mọ̀ bóyá omi ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tàbí àpò àgbàdo tí mo fi tọrẹ. Mo dán an wò. Mo fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ kan, n kò fọ̀ ọ́ ní ìkejì, mo sì ń lọ àgbàdo funfun díẹ̀ sórí àwo funfun láràárọ̀. Bí n kò tilẹ̀ fọ̀ ọ́, àwọ̀ eérú díẹ̀ wà níbẹ̀. Ààbọ̀ agolo àgbàdo gbígbẹ kò kó o tán. Agolo kan kó o tán. Agolo kan àtààbọ̀ kò fi nǹkan kan kún un. Mo pe ìyá mi, mo ní ta ló wọ̀n ọ́n fún un.

"Agolo kan ni ìyá tèmi náà ń lò."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé mo sọ fún ọ pé kí o ṣílẹ̀kùn kí o tó wọlé?"

Mo gbé àwo ògì kan lọ sí Bẹyẹrúnkà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ fi ìka méjì ra ògì náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Ó funfun," ó wí, ó sì padà sídìí ewé tó ń nù.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ rọ́bà kan kalẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó dúró títí mo fi lọ̀ ọ́ tán, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí n bá òun gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ru èkejì lọ sí ráńdábáòtù lójú gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan, títí ìyá mi fi dé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi. Kò bá mi wí. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí Ìyá Ẹlẹ́kọ ṣe ń kọjá pẹ̀lú rọ́bà kejì lórí. Wọ́n kí ara wọn: wọ́n béèrè ojú, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Rọ́bà wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, ìkankan nínú wọn kò sì mẹ́nu bà á. Mo dúró ti ẹ̀rọ, n kò mọ̀ bóyá kí n tàn án ni tàbí kí n máa wò.