Fóònù mi ní Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Fóònù mi sọ láàárọ̀ yìí pé Màmá mi ń ránṣọ. Ó sì pé ogójì ọjọ́ lónìí tá a sin wọ́n.

Orí mi pé o. Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ máṣíìnì ìránṣọ wọn nílé wa ládùúgbò Bilbalogo. Kò ní bátìrì. Bí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, ẹ̀rọ yẹn á máa sọ mímì rẹ̀ di iná, á máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti tó, á ránṣẹ́ kan ṣoṣo sí fóònù mi: "Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Mo ti mọ̀ nìyẹn pé ara wọn yá.

Ní bureau, níbi iṣẹ́ mi, ni mo wà nígbà tó dún. Inú mi dùn! Mo ti gun moto, alùpùpù mi, jáde kí n tó rántí.

Mo délé, mo bá obìnrin kan lórí àga wọn, ó ń tẹ máṣíìnì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì dúró tì í.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, kí lèyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n ń dán an wò ni. Sàráà Màmá ni, a ti fún wọn."

"Ẹ ò lè pè mí?"

"Máṣíìnì lásán, d'accord?"

Lásán!

Obìnrin náà rí omi lójú mi, ó sì rí ẹ̀rọ tí mò ń wò lábẹ́ máṣíìnì. Ó ní, "Pardon, ẹ yọ nǹkan yín."

Mo yọ ọ́. Wọ́n ti gbé máṣíìnì lọ. Mo ṣì wà lórí àga Màmá, mò ń mi ẹ̀rọ náà lọ́wọ́. Fóònù ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Màmá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin ìyá yín, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣíwọ́?