Ààfáà Ẹnu Géètì

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi. Ẹ lè bi àwọn tí a jọ ń wakọ̀ ní Ọ̀fà Gáréèjì nígbà náà bóyá ojú mi máa ń tàn mí. Ojú tí ó ń rí kòtò lójú títì láti ọ̀ọ́kán, nígbà tí àwọn dẹrẹ́bà tó kù ti ń já sí i, kì í ṣe ojú yẹpẹrẹ. Ìwé méjì péré ni mo kà kí èmi àti tíṣà tó fi ara wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Bàbá wa ṣe di Ààfáà ẹnu géètì ní GRA, èmi ni kí ẹ bi. Ẹ má bi ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàwé jù mí lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ọ́ dáadáa, nítorí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà bá.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí Bàbá. Iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe, ó sì ti ga níbẹ̀ débi pé wọ́n fún un nílé ní GRA: òdòdó yí ilé ká, géètì onírin wà níwájú, mẹ́gáádì wà nídìí géètì. Bàbá ní tirẹ̀ wà ní agbo ilé wa nínú ìlú, nínú yàrá alámọ̀ tí bàbá tirẹ̀ kọ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́nu ìloro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òjò wó ògiri kan lára yàrá náà. Ògiri yẹn kò wó lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wó lu ọkàn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ojú ń ti òun pé òun ń sùn lábẹ́ fáànù, òjò sì ń jò sórí bàbá òun. Ó kó ẹbí jọ, ó ní Bàbá kò ní lo òjò mìíràn nínú ilé alámọ̀, ilé òun ni yóò gbé títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ó tún sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra sọ ọ́. Bí Bàbá bá padà wálé lọ́la, wọ́n á ní ẹ lé e ni." Wọn kì í dá ìmọ̀ràn dẹrẹ́bà lóhùn.

Bàbá kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dójú ti ọmọ rẹ̀ níwájú ẹbí. Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé e, mo rọra wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: tírà rẹ̀, bútà àlùwàlá, tẹ̀sùbáà, àti awọ àgbò tí ó máa ń jókòó lé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, tíṣà ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ṣì ń lọ. Àwọn ará ilé wa ti ń rò pé òun ni yóò fa wàhálà. Wàhálà kankan kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ó ra ìkòkò tuntun fún oúnjẹ Bàbá, ó ní kí Bàbá má baà máa ṣe iyèméjì lórí ohun tí wọ́n ti sè nínú ti tẹ́lẹ̀. Bàbá ní òun kò ṣe iyèméjì kankan, ṣùgbọ́n ìkòkò náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé náà dojú àwo ibẹ̀ kọ gábásì gan-an, ibi tí à ń kọjú sí kírun. Bàbá ní òun kò lè kọjú sí ibẹ̀ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ìjọba ni, òun kò lè fọ́ ọ. Bàbá ní kò burú, òun á máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó ṣe ń ṣe é, n kò bi í.

Ìṣòro gidi ni pé kò sí ẹni tó ń kí i. Nínú ìlú, bí Bàbá bá ti kírun àsùbáà tán, ẹnu ìloro ló ń jókòó sí títí oòrùn yóò fi mú. Ẹni tó ń lọ sọ́jà á kí i, ẹni tó ń bọ̀ lóko á kí i, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn á dúró gba àdúrà. Ní GRA, àga tìmùtìmù ni wọ́n fi í sí nínú pálọ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n tí iná ọba kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Àwọn ará agbo ilé wá kí i lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́gáádì bi wọ́n bóyá ọ̀gá mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ní Bàbá àwọn ni àwọn wá kí. Ó ní kí wọ́n dúró, òun ń lọ béèrè. Kí ó tó dé, wọ́n ti yíjú padà, wọ́n sì gbé máásà, oúnjẹ ìrẹsì díndín tí wọ́n rù wá, lọ.

"Ṣé àrùn wà ní àdúgbò yín ni?" Bàbá bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

"Rárá o, Bàbá. Kí ni ẹ rí?"

"Láti àárọ̀, ẹnì kan kò kí ẹnì kejì. Mo ní bóyá ẹ ń sá fún ara yín ni."

Ní ọjọ́ kejì, bí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ síbi iṣẹ́ báyìí, Bàbá gbé awọ àgbò rẹ̀, ó jáde, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì, lóde. Ó jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Lójú tirẹ̀, ìloro ló rí yẹn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró. Ìyáàfin kan tó rí jọ̀lọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé àwo máásà sílẹ̀ níwájú Bàbá, ó ní sàráà ni, ọmọ òun ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Bàbá kò bi í léèrè ohun kan. Ó tẹ́wọ́, ó sì ṣe àdúrà fún ọmọ náà débi pé èmi tí n kò ní ìdánwò kankan ń ṣe àmín. Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo ní, "Bàbá, ó rò pé ẹ ò nílé ni o."

Ó bu máásà. "Ṣé ó béèrè ilé lọ́wọ́ mi? Àdúrà ló béèrè. Jẹun."

Ọmọ náà yege. Ní Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀lé e, adìẹ ni ìyá rẹ̀ gbé wá. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó ọ̀gá-ọ̀gá fi ń ròyìn rẹ̀ láàárín ara wọn, tí ọkọ̀ sì ń tò sẹ́bàá ọ̀nà bí ti gáréèjì. Mẹ́gáádì fúnra rẹ̀ ni ó ń darí wọn. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé lálásàrì, Bàbá á ti wọlé, adìẹ á ti wà nínú ọbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ ẹ́, ó ń yin ìyàwó rẹ̀ pé ó mọ ọjà ná. Obìnrin náà á wojú mi, á ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ fi ẹran sí i." Kò purọ́. Kò sì sọ ibi tí adìẹ ti wá.

Lọ́sẹ̀ kan, ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi bàjẹ́, èmi ni mo ń gbé e lọ tí mo ń gbé e bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n wà ju dẹrẹ́bà ìjọba lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá síbi ọkọ̀, ó fọwọ́ lé ojú fèrèsé.

"Ààfáà kan wà lẹ́nu géètì rẹ," ni ọ̀gá wí. "Ìyàwó mi ní àdúrà rẹ̀ ń gbà. Ẹ máa bá wa tọ́jú bàbá yẹn o. Ṣé ó tiẹ̀ bímọ?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi nínú díńgí. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Màá bi í, sà."

A rìn díẹ̀ kí n tó lè sọ̀rọ̀ láìrẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ń bi í, ẹ bá mi bi í bóyá èmi náà ní bàbá."

"Máa wa ọkọ̀ rẹ."

Kò bọ́ṣọ kí ó tó wọlé tọ Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ń bà mí lórúkọ jẹ́. Wọ́n ń fún yín ní sàráà bí alágbe."

"Alágbe ń tọrọ," ni Bàbá wí. "Kí ni mo tọrọ?"

"Ẹ jókòó sójú títì."

"Ibo ni mo ti ń jókòó tẹ́lẹ̀?"

"Nílé wa nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ yín níbẹ̀."

"Níbí náà, wọ́n ti ń mọ̀ mí." Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹran sàráà ni o jẹ dàgbà, ọmọ mi. Ìgbà wo ni ó wá ń há ọ lọ́fun?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ti àná kò há wọn lọ́fun." Ibẹ̀ ni ó ti yé ẹ̀gbọ́n mi ohun tó ti ń jẹ.

Kò lè pàṣẹ fún Bàbá, kò sì lè ṣàlàyé fún ọ̀gá rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọ̀gá náà bá ìyàwó rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn géètì, èmi sì wà nídìí ọkọ̀ mi. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kí Bàbá, ó ní, "Ààfáà, ọmọ yín ńkọ́?"

Bàbá ti rí ẹ̀gbọ́n mi. Ó nawọ́ sí mi. "Ọ̀kan nìyẹn. Ọkọ̀ ló ń wà."

Ó padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń bo àkọ́bí rẹ̀ láṣìírí. Ẹ̀gbọ́n mi náà mọ̀. Ó ṣí géètì, ó jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú aṣọ funfun rẹ̀, nínú erùpẹ̀. "Bàbá mi ni, sà. Èmi ni àkọ́bí wọn."

Mo ti rò pé ọ̀gá á bínú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun náà tún dọ̀bálẹ̀, ó ní ta ni kò ní fẹ́ irú bàbá báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi mí kanlẹ̀. Ó rò pé ó ti tán.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò gbé adìẹ sàráà wá fún bàbá ọ̀gá ìjọba? Ojú á tì í. Ìyáàfin onímáásà kò dúró mọ́, ó kàn ń fun fèrè ọkọ̀ ni, á juwọ́, á kọjá. Àwọn yòókù náà ń juwọ́. Mẹ́gáádì wá gbé àga jáde fún Bàbá, nítorí kò yẹ kí bàbá ọ̀gá jókòó sílẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga náà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Kò sí ẹni tó béèrè àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó pe ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé.

"Kí ni n kò ṣe fún yín, Bàbá?"

"Kò sí. O ṣe gbogbo rẹ̀."

"Kí ni kí n wá sọ fún ẹbí?"

"Sọ pé àwọn ọmọ kéwú ń pè mí. Kì í ṣe irọ́. Ọmọ mi, o bọ́ mi, o daṣọ bò mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò nílò, kí ló ń jókòó ṣe?"

Kí Bàbá tó lọ, ẹ̀gbọ́n mi fi búlọ́ọ̀kù tún ògiri tó wó náà mọ. Ó fẹ́ pààrọ̀ òrùlé pẹ̀lú, Bàbá ní rárá, òrùlé bàbá òun ni. Èmi ni mo tún gbé e padà. Àwọn ará ilé kò sì dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ kéwú. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, obìnrin Ọ̀mù-Àrán yẹn ló lé e. Mo bá wọn jà dáadáa, ẹnu mi kò sì kéré, ṣùgbọ́n wọn kò gbà.

Ohun tó sọnù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi pàdánù ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú ẹbí. Ìyàwó rẹ̀ pàdánù orúkọ rere tí kò ṣe ohunkóhun láti bà jẹ́. Bàbá pàdánù yàrá tí òjò kì í jò. Mẹ́ta ni.