Kóńgò Ìbàdàn ní Ọjà Kotobabi

Mo ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé kò ṣe é ṣe, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí, bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìdáhùn ìṣirò ní kíláàsì.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Accra ló ní kí n kó kúrò n'Ìbàdàn wá sítòsí òun lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ó ti rí yàrá kan fún mi ní àdúgbò Kotobabi. Owó ọdún méjì ni onílé ń gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe ń ṣe níhìn-ín; owó tí mo fi pamọ́ ká ìyẹn. Oúnjẹ ló bà mí lẹ́rù. Mo ti pinnu pé owó ìfẹ̀yìntì mi ni n óò máa jẹ. Bí kò bá ká a, màá padà sílé tí n kì í ti í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Mo kọ́kọ́ wá dé sílé ọmọ mi láti yẹ ibẹ̀ wò, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo sì fi ń béèrè iye gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Kotobabi àti ti Lapaz. Mo sọ sídì di náírà, mo kọ ọ́ síwájú iye ti Ìbàdàn. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Mo ní kí ọmọ mi sọ fún onílé pé kó má retí mi mọ́. Ó kàn dìde lọ fọ abọ́ tí a ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bó tilẹ̀ wọ́n, mo lọ ra gàrí díẹ̀ tí n óò gbé relé n'Ìbàdàn láti fi rántí Accra, lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n bí sí Accra, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó ti mọ̀ pé tíṣà ni mí. Mo mú kóńgò tí mo gbé wá láti Ìbàdàn dání, torí n kì í fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ìyá náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ta ló fi ife ọmọdé yìí rán yín wá sọ́jà?"

Ó bu gàrí kún olónkà, agolo tí wọ́n fi ń wọn nǹkan níbí, ó sì ń dà á sínú kóńgò mi. Kóńgò kún, ó ga lórí, ó ń dà sílẹ̀. Mo yọjú wo inú agolo rẹ̀. Ó ṣì kù tó ìdajì.

Mo ní kó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n, ó ní kí n wá fún òun ní máàkì.

Àìmọye ọmọ ni mo kọ́ pé kí wọ́n tó fi iye nǹkan méjì wéra, kí wọ́n kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n. Èmi náà ni mo wá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe àṣìṣe yẹn.

Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo tún ìṣirò náà ṣe. Gàrí tilẹ̀ rọjú díẹ̀ ju tilé lọ, ìrẹsì dọ́gba, ẹ̀wà ló fi díẹ̀ wọ́n. Owó iná ga, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n n kò ní máa ra epo jẹnẹrétọ̀ mọ́.

Mo pe ọmọ mi lórí fóònù pé kó tún bá onílé sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Ilé ọmọ mi la ti fi omi tútù mu gàrí tó yẹ kí n gbé relé.