Ojú Ẹni Tó Ń Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Nígbà tí ìjọba fẹ́ mọ bí ìlera àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè ṣe rí, wọ́n gbà á mọ́ àwọn tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọn á bèèrè ọ̀rọ̀ sìgá, ọtí àti oorun, wọn á gbé ènìyàn lé òṣùwọ̀n, wọn á sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Òfin kan ni wọ́n fi kọ́ wọn: ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá sọ, ojú yín kò gbọdọ̀ yí padà. Bí ẹ bá lanu, àyà ẹni tí ẹ ń wọ̀n á já, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún ru sí i, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kọ́ ọ lọ, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Màmá Ère. Ìyá wa kú, kò sunkún; omi ló ń pín fún àwọn tó wá kí wa. Inú bí mi sí i, n kò purọ́. Ó ní òun kò mọ ibi tí ẹkún òun wọlé sí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀, télọ̀ aláwàdà, tí orí ti ń fọ́ láti àárọ̀, na apá sí i. "Ìyá Ìbejì, gbogbo ayé lo ń wọ̀n. Ṣé èmi kì í ṣe ará ìlú ni?"

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bí iṣẹ́ wọn ṣe wí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló burú jù.

"Ó ga gan-an. Ẹ dìde, ká lọ sílé ìwòsàn báyìí." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé omi ti hó.

Ọkọ wo ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mi ò rí nǹkan kan lójú ẹ. Orí fífọ́ lásán ni, jàre." Ó padà sídìí màṣíìnì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó fẹ́ pariwo, ohùn rẹ̀ kò gbéra. Ó wọ yàrá, ó dúró níwájú dígí, ó gbìyànjú láti ṣe ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Kò rí i ṣe. Ló bá lọ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin lójúlé kejì, ẹni tí abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò á gbọ́.

"Yéè! Àbúrò mi! Ẹ gbà mí o!" Igbe náà ṣáájú ìyá náà wọlé. Kó tó sinmi ẹnu, télọ̀ ti ń wá bàtà rẹ̀.

Dókítà kò jẹ́ kó padà sílé. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin lẹ gbà mí là."

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbọ́. Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún mi, ó ní inú òun kò tiẹ̀ bàjẹ́. Èmi ni mo bá a sunkún.