Ife Ẹ̀yẹ Tóyìn

Òórùn àdín ni mo fi ń jí láàárọ̀ nílé wa ní Ayétòrò. Kí àkùkọ tó kọ tán, ẹ̀gbọ́n mi Tóyìn á ti gbé ìkòkò àdín kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, á máa fi í ra orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀. Òórùn náà á gba gbogbo ilé kan, títí kan aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹsẹ̀ yẹn ló mú un wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Láti kékeré ló ti ń sáré ju àwọn ọkùnrin lọ ní ọ̀nà oko kòkó wa. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń sáré, ó ń fò sínú yanrìn, ó ń gbá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, òun náà tún ni aṣọ́lé fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá. Kóòṣì mẹ́ta ló ní, kò sì sí èyí tó gbà pé ó lè rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wálé, àdúgbò á máa hó, "Tóyìn Ẹsẹ̀ Afẹ́fẹ́!" Bàbá mi kò ní lè pa ẹnu dé. Ìyá mi nìkan ni kì í bá wọn hó. Á ní, "Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó." Èmi rò pé ó ń jowú àwọn kóòṣì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń díje, ilé ni Tóyìn wà, orúnkún rẹ̀ sì ti wú bí orí ọmọ tuntun. Bọ́ọ̀sì wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá mi di apá rẹ̀ mú.

"Dúró sí ulé lónìí, Tóyìn. Ẹsẹ̀ ẹni kì í ṣe ti ìjọba."

Ọ̀kan nínú àwọn kóòṣì yọjú láti inú bọ́ọ̀sì. "Mà, ẹ jẹ́ ó bá wa fò lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́la, á sùn dọ̀sán."

Tóyìn wo ìyá mi, ó wo bọ́ọ̀sì, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ.

Ó fò, ó gba àmì ẹ̀yẹ góòlù. Ibi tó balẹ̀ sí ni orúnkún náà ti yẹ̀. Wọ́n gbé e wálé pẹ̀lú góòlù lọ́rùn àti páálí ẹlẹ́rìndòdò kan. Kóòṣì ní òun ń padà bọ̀. A kò rí i mọ́. Bàbá tó ń to eegun ní ìlú Ara fà á títí, ẹsẹ̀ náà kò nà mọ́. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, kọ́lẹ́ẹ̀jì fi yàrá rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n ní àwọn tó ń ṣeré ìdárayá ló ni ilé náà. Bó ṣe fi ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Ó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń fi ọ̀pá rìn. Bí ọmọdé bá sáré kọjá, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò tíì hu ewú tí àìsàn mìíràn fi mú un lọ.

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Lọ́dún yìí ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fi orúkọ rẹ̀ sọ ife ẹ̀yẹ kan. Wọ́n ní kí ará ilé rẹ̀ kan wá gbé e fún ọmọ tó bá peregedé nínú oríṣiríṣi eré. Ìyá mi tutọ́ sílẹ̀. "Nígbà tí ó ń jẹ̀rora, ta ló rántí orúkọ rẹ̀?" Èmi lọ. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ṣe é lójú gbogbo wọn. Inú ń bí mi láti ilé.

Lórí pápá, wọ́n ní Tóyìn fi gbogbo ara rẹ̀ sin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Wọ́n pe ọmọbìnrin tó gba ife. Ó ń tiro bọ̀, báńdéèjì wà lórúnkún rẹ̀.

Mo bi í jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Díẹ̀ ni, mà. Ó ku bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ kí n tó sinmi."

Gbogbo ohun tí mo dì sínú láti ilé pòórá. Mo gba máìkì, ohun kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sinmi." Pápá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Kóòṣì ọmọ náà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí inú bá bí mi, ilẹ̀ ni mo ń yí, kò sì sí àgbà tó lè pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti mọ ìwà hù láwùjọ. Mo gbé ife lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ayàwòrán ní ká rẹ́rìn-ín, mo sì rẹ́rìn-ín.