Kápútẹ́nì Yí-i-padà

Ọkọ àbúrò mi fi ọdún méjì jù mí lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé ilé wa ló ti fẹ́yàwó, "bùọ̀dá" ló ń pè mí, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ìgbádùn. Bàálù kékeré ló ń wà, oníjókòó mẹ́rin, fún olówó kan tó ní oko ńlá lápá òkè Ìlọrin. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, á gbé e padà wá sí pápá kan lẹ́bàá Ìkẹ́nnẹ́. Kò sí iná ní pápá náà, ojúmọmọ nìkan ni wọ́n ń balẹ̀ síbẹ̀.

Ilé wa ń pa Sábáàtì mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó wọ̀, oúnjẹ ti jinná, ilé ti mọ́, gbogbo wa ti jókòó sí pálọ̀ bàbá mi bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn orin àkọ́kọ́, èmi ni mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọlọ́run ò yàn mí sípò yẹn, ara mi ni mo fi joyè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan nígbà ọyẹ́, ọkọ àbúrò mi ò dé. Ó ti gbéra, ṣùgbọ́n eruku bo ojú ọ̀run, ló bá yí bàálù padà, ó sùn sí Ìlọrin. Ọjọ́ Àìkú ló tó wọlé. Ó ṣàlàyé fún wa pé téèyàn ò bá rí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ á máa parọ́ fún un, á ní bàálù dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ó ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi ní ó ṣeun, ó hùwà ọlọ́gbọ́n. Èmi ní ọgbọ́n wo? Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí bíréèkì wọn ò dáa, tí gíláàsì iwájú wọn ti là, ṣebí wọ́n ti Ìlọrin dé ìkóríta Ṣàgámù lọ́jọ́ náà. Mo sọ ọ́ ní Kápútẹ́nì Yí-i-padà.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló bà mí jẹ́. Mo gbé orúkọ náà lọ sórí wáásáàpù ẹbí. Tí wọ́n bá ní kí n gbàdúrà, màá bẹ Olúwa kó má jẹ́ kí eruku dẹ́rù ba àna wa. Àbúrò mi wá bá mi nínú kíṣìnì lọ́jọ́ kan.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó báyìí. Ó ti ń dùn ún."

Mo ní ọkùnrin tó ń fò lókè, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló máa já a lulẹ̀? Mo rò pé ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, eruku tún bolẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ àbúrò mi ò yí padà. Ó ń fò bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń wá títì márosẹ̀ tó máa fi mọ̀nà, bàálù bá kọlu igi nínú oko obì kan. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. A ti kọ orin àkọ́kọ́ tán, mo tiẹ̀ ti ń tẹ ẹ̀fẹ̀ mi sórí fóònù lábẹ́ Bíbélì, nígbà tí wọ́n pe àbúrò mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù. Ó ní òun ti ka ìwé iṣẹ́ olóògbé, ó mọṣẹ́, kì í fi ẹ̀mí ṣeré, ó sì ti yí padà rí nígbà tí ojú ọjọ́ ò dáa. Ohun tí ò yé òun ni ìdí tí kò fi yí padà lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ń kán an lójú ni?"

Bàbá mi ní rárá o, òun ti sọ fún un pé kó máa rọra. Ọkùnrin náà wá kọjú sí mi. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo wolẹ̀.

"N ò mọ̀ o, sà."

Àbúrò mi ń gbé omi bọ̀ fún àlejò. Ó gbé e kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ dúdú rẹ̀, kò wo apá ibi tí mo jókòó sí.

"Ẹ tún bi bùọ̀dá mi léèrè, sà."